Ọmọ Tó Sá Sínú Ìkòkò Aró

Ìwé kan wà tí mo gbé wá sí Onitsha nínú àpótí ìgbéyàwó mi, láàárín aṣọ òkè àti àwọn àwo tánganran tí ìyá mi fi àkísà wé kí wọ́n má baà fọ́. Ìwé ọmọdé ni. Kò sí ọmọ tó jókòó ní kíláàsì nílẹ̀ wa nígbà tèmi tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, epo mọ́ínmọ́ín ti rin àwọn ojú ewé àárín, ẹnì kan sì ti fi báírò ya irùngbọ̀n sí gbogbo àwòrán inú rẹ̀, adìyẹ pàápàá ò yọ sílẹ̀. Èmi ni ẹni yẹn.

Ìtàn ọmọbìnrin kan ni. Ìyá rẹ̀ kú, ó sì gbéra láti lọ wá ìyá ìyá rẹ̀, tí kò fojú kàn rí, tó ń ṣe iṣẹ́ aró ní ìlú kan tó jìn. Adìyẹ olójú kan ló gbé dání. Wọ́n ń júwe ọ̀nà fún un, wọ́n ń ṣì í júwe, ó wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sùn mọ́jú láàárín ewúrẹ́. Ìgbà tó wá dé ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà tán ni àyà rẹ̀ já: bí wọn ò bá fẹ́ mi ńkọ́? Ló bá rá wọ inú ìkòkò aró ńlá kan tí wọ́n dà dùbúlẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́ ohùn adìyẹ nínú ìkòkò, ó sì mọ̀. Kò wọ́ ọmọ jáde. Kò bú u. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà, ó ń fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́ bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn, ó sì ń pe oríkì tí òun fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Ó ń pè é, ó ń dúró, ó ń pè é, títí ọmọ fi rá jáde, òun ti adìyẹ, tí gbogbo ara wọn dúdú fún aró.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ka ibẹ̀ ni mo máa ń sunkún. Tí mo bá sunkún tán, ebi á sì máa pa mí. Mi ò mọ ìdí.

Nígbà tí àkọ́bí mi di ọmọ tó lè jókòó gbọ́ ìtàn, ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí ó fẹ́ràn ìwé yìí lọ. Mi ò ní fi pamọ́, ó ń jẹ mí lọ́kàn. Onitsha la bí i sí. Ó ń fi Igbo jà, ó ń fi pijin ṣeré, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì gbàdúrà; Yorùbá ni èdè tí mo fi ń pè é tí yóò fi òmíràn dáhùn. Mo ní, "Wá jẹun." Ó ní, "A dey come." Kérésì tó ń bọ̀, a ó gbé e lọ sílé fún ìyá mi, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́yìn Yorùbá. Mo wá sọ fún ara mi pé bí ìwé yìí bá wọ ọmọ yìí lára, Yorùbá á ti ríbi jókòó nínú rẹ̀, òun àti ìyá mi ò sì ní máa wo ara wọn bí àlejò.

Àsìkò tí owó ń dún nígboro ni. Ogun ti parí, gbogbo èèyàn ń kọ́lé. Apá kan ògiri ọgbà wa ní Inland Town ṣì ní ojú ọta ìbọn, apá kejì ti gba símẹ́ńtì tuntun. Ọkọ mi ń fa wáyà iná sínú àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà odò Nkisi. Á gbé wáyà kọ́ èjìká jáde láàárọ̀, á wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú irun tó ti funfun fún símẹ́ńtì. Èmi ń rán aṣọ ọmọdé ní fàráńdà. Onílé wa jẹ́ àgbàlagbà obìnrin kan, opó, tí òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ń gbé ilé iwájú. Ọmọ náà àti tèmi jẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra bí àtè. "Nwunye anyị" ni Màmá onílé ń pè mí, ìyẹn ìyàwó wa, bíi pé gbogbo ọgbà ló fẹ́ mi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí ìwé náà síwájú ọmọ mi, irùngbọ̀n ló rí. "Mama, why dem put beard for fowl?" Ibẹ̀ ni ìwé kíkà parí sí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń pè é níta.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ìwé náà ṣe fíìmù, pé ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó wà ní Onitsha á gbé e wá, wọ́n á fi hàn ní gbọ̀ngàn iléèwé kan, inú mi dùn kọjá sísọ. Mo ní kí ọmọ mi kọ́kọ́ fojú rí i, ìwé á wá tẹ̀lé e.

Ọ̀sán Sátidé ni. Wọ́n fi pépà àpò símẹ́ńtì dí fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù níta, aṣọ funfun wà lára ògiri. Mo kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ, Màmá onílé náà tẹ̀lé wa, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún nínú ìwé. Ẹgbẹ́ eléré ìtàgé kan ló ṣe fíìmù náà, aláwọ̀ mèremère ni, orin ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Wọ́n ń fi orin béèrè ọ̀nà, wọ́n ń fi orin ṣì í júwe. Adìyẹ olójú kan ní ojú méjèèjì. Ìyẹn ò tilẹ̀ dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà dé abúlé kejì, adìyẹ na ọrùn, ó sì kọ, kekeréke-é!

"Mama, fowl don turn man o!" Ọmọ mi ló pariwo bẹ́ẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ akẹ́rù rì sínú ẹrọ̀fọ̀, ọ̀rẹ́ ọmọ mi dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì, ó ń bá wọn tì í. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò aró ni mo ń dúró dè. Ìyá àgbà yọ nínú aṣọ tó ń dán, ó dá orin. Ọmọ náà sáré láti ẹnu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì, ó bọ́ sí i láyà. Ìlú tú jáde, wọ́n ń jó. Iná tàn.

"Ìkòkò dà?" Mi ò mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ síta.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ọkùnrin kan dáhùn lẹ́yìn mi, "ìkòkò ò sí nínú ọbẹ̀ tòní."

Màmá onílé, tí kò gbọ́ Yorùbá kan, ti fi etí ìró nu ojú tán. Ó ní orin ìyá yẹn dùn. Ó wá ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n, nwunye anyị, ọmọ tó rin irú ọ̀nà yẹn, kò tilẹ̀ bi í bóyá ó ti jẹun?"

Kò pẹ́ sí i, ọkọ mi parí iṣẹ́ ilé alájà kan, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n wálé, èyí tó ní ẹsẹ̀ àti ìlẹ̀kùn bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Dúdú àti funfun ni. Ta ni ká tún rí lórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan? Ọmọbìnrin mi onírùngbọ̀n! Wọ́n ti sọ ìwé náà di eré orí tẹlifíṣọ̀n, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ kan apá kan. Ọgbà wa kún. Ní ti èyí, ọkọ̀ ò rì síbì kankan, torí inú yàrá ni gbogbo rẹ̀; tí wọ́n bá fẹ́ rìn jìnnà, wọ́n á gba ẹ̀yìn kọ́tìnnì jáde, wọ́n á tún gba ibẹ̀ wọlé. A ò fojú rí adìyẹ rárá. Ẹnì kan ló ń fi ẹnu ṣe é níbi tí a ò ti rí i, ó sì dàbí pé ọ̀fìnkìn ń ṣe onítọ̀hún, torí ní ọ̀sẹ̀ kejì adìyẹ náà wúkọ́.

Ìyá àgbà ti orí tẹlifíṣọ̀n wọ awò ojú, ó ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Dípò ìkòkò, ẹ̀yìn àga tìmùtìmù ni ọmọ sá sí, kò sì pẹ́ níbẹ̀ rárá tó fi sáré jáde lọ dì mọ́ ọn. Ìyá àgbà ní, "Welcome, my dear child," ó ṣí agolo, ó gbé bísíkíìtì fún un.

"Na dis one correct pass," ọmọ mi sọ. Bísíkíìtì ló dá ẹjọ́ náà.

"Irọ́ o! Ti sinimá ló dáa jù," ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi Igbo dáhùn. "Èyí ò ní ọkọ̀, kò ní ẹrọ̀fọ̀, kò sẹ́ni tó jó."

"Tìẹ ní àkùkọ."

"Tìẹ ní ikọ́!"

Mo yíjú sí ọkọ mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?"

Ó ń wo inú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń wo ibi iṣẹ́. "Ohun tí mo rí ni pé wáyà ilé ìyá àgbà yẹn wà níta gbangba," ó ní. "Iná á gbé ẹnì kan níbẹ̀."

Èmi wá jókòó, mo ro ó. Kì í ṣe ti àkùkọ, kì í ṣe ti ikọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú àwọn méjèèjì, ọmọ ló sáré lọ bá àgbàlagbà. Nínú ìwé mi, àgbàlagbà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń bẹ ọmọdé. Èmi tí wọ́n fi "kúnlẹ̀, dìde, gbé e, dákẹ́" tọ́ dàgbà, ìwé yẹn nìkan ni mo ti rí irú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fò ó kọjá bí ẹni fo kòtò. Mo ní ó dáa, màá kà á fún wọn fúnra mi.

Mo mú ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrẹsì. Ọkọ mi nà sórí ẹní, àwọn ọmọ méjèèjì jókòó síwájú mi, mo ń ka Yorùbá, mo ń fi Igbo ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ọmọ mi. Ó ń lọ dáadáa! Wọ́n rẹ́rìn-ín síbi ewúrẹ́. Wọ́n gbà pé adìyẹ inú ìwé ló gbọ́n jù. A dé ìdí ìkòkò. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Dípò oríkì ọmọ inú ìwé, mo fi ti ọmọ tèmi sí i, kí ó lè dùn mọ́ ọn, mo sì pè é bí ó ti yẹ kí wọ́n pe oríkì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn.

Ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó ń fi ìdí wọ́ sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri.

"I no sick!" ó ké láàárín ìka.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ó, òun náà bo ẹnu tirẹ̀, kó má baà kàn án.

Mi ò lóye. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ lóye, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lórí ẹní títí ó fi dìde jókòó. "Ìyàwó, ìgbà wo lo máa ń pe ọmọ yìí ní oríkì?"

Mo ro ó. Ní iléèwé, orúkọ onígbàgbọ́ rẹ̀ ni. Nínú ọgbà, "Nne" ni, bí àwọn Igbo ti ń fi ìfẹ́ pe ọmọbìnrin. Lẹ́nu èmi, tí aṣọ oníbàárà bá wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, "ìwọ yìí" ni. Oríkì yẹn, ọjọ́ ibà ló ń jáde. Màá ti lọ oògùn kúnná, màá fi ṣúgà bò ó nínú síbí, màá fi síbí pamọ́ sẹ́yìn, màá wá máa pè é: wá, ọ̀kan ṣoṣo mi, kò korò, díẹ̀ báyìí ni. Bí oríkì bá ti kọlù ú, orí rẹ̀ á wú, ẹnu á là, màá dà á sí i. Bí ìyá mi ti ṣe é fún mi nìyẹn, bí gbogbo ìyá tí mo mọ̀ ti ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n nílé, bí ìyá mi bá fi oríkì rọ oògùn sí mi lẹ́nu, ìyá àgbà á fi kan náà kí mi láàárọ̀, àbúrò ìyá mi á fi ṣeré, ìyá alákàrà á fi fún mi ní ènì. Ní Onitsha, èmi nìkan ló ń pè é. Síbí nìkan ni ọmọ mi ń gbọ́ nínú rẹ̀.

"Dat grandmama bad," ó dájọ́ láti ibi ògiri. "She wan give am medicine. For television na biscuit dem give."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa ìwé dé tí mo gbé e padà sínú àpótí, ó dùn mí. Kérésì ti ń sún mọ́lé. Ta ló sọ ọmọ náà ní oríkì ọ̀hún? Ìyá mi ni. Mo ti ń rí i lójú mi: ìyá mi á jáde sí ẹnu ọ̀nà, á pe oríkì, ọmọ á bo ẹnu, á sì sá padà sínú mọ́tò.

Mo gbìyànjú àtúnṣe. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń fọ eyín, mo pe oríkì rẹ̀, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó tu omi ẹnu dànù, ó sá lọ sí ilé iwájú. Màmá onílé yọ sí mi, ó di ọmọ mú sẹ́yìn ara rẹ̀. "Nwunye anyị, mo ti fọwọ́ kan ọrùn ọmọ yìí, kò gbóná. Kí lo fẹ́ fún un mu?"

Mo ní kò sí nǹkan, Mama, mo kàn ń kí i ni. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbà mí gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà, mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo rí i pé àwọn ọmọ méjèèjì ti tú aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi funfun kúrò lórí okùn, wọ́n sì ta á láti ara igi gúáfà dé ara òpó fàráńdà. Sinimá ni wọ́n fẹ́ ṣe. Iná ò sí, wọn ò sì nílò rẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń wọ̀ lọ lápá odò ńlá ń tàn láti ẹ̀yìn aṣọ náà wá, ẹni bá dúró síbẹ̀, òjìji rẹ̀ á yọ síwájú. Dúrọ́ọ̀mù omi tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ ni ìkòkò aró. Adìyẹ Màmá onílé ni adìyẹ, wọ́n so ó lókùn lẹ́sẹ̀, inú sì ń bí i. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi ni ọmọ tó ń wá ìyá àgbà kiri. Ọmọ mi ni ìyá àgbà. Ó wé gèlè mi, ó fi rúlà tí mo fi ń wọn aṣọ ṣe ọ̀pá. Màmá onílé gbé àga jáde wá wòran. Ọkọ mi wọlé pẹ̀lú wáyà léjìká, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó dúró wò.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi wọ dúrọ́ọ̀mù. Òjìji ìyá àgbà dé, ó ń tẹ ọ̀pá. "Welcome, my dear child. Come and take biscuit."

Ohùn kan dún ní Igbo láti inú dúrọ́ọ̀mù. "Bísíkíìtì dà?"

Òjìji náà dúró. Mo mọ ibi tí bísíkíìtì wà. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán níbi ìdánrawò.

"Biscuit is coming."

"Èmi ò bọ̀ nìyẹn. Kọrin, bíi ti sinimá."

Ìyá àgbà kọrin. Ìlà kan ló mọ̀. Ó kọ ọ́, ó tún un kọ, ó dákẹ́.

"Mi ò bọ̀," dúrọ́ọ̀mù sọ.

"Come out now! You dey spoil cinema!"

"I no dey come."

Adìyẹ pàápàá ti wọ inú dúrọ́ọ̀mù, òun náà ò bọ̀ mọ́. Màmá onílé ti ń dìde láti lọ fa ọmọ ọmọ rẹ̀ jáde. Mo di ìró rẹ̀ mú. Mi ò mọ ohun tí mo ń dúró dè.

Òjìji ìyá àgbà ju ọ̀pá sílẹ̀. Ó jókòó. Sórí ilẹ̀ lásán. Mo rí ọwọ́ kékeré tó ń gbá ara dúrọ́ọ̀mù, pẹ́, pẹ́, pẹ́. Ohùn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn aṣọ náà tí mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé tirẹ̀ ni, torí pé Yorùbá ni, Yorùbá tó mọ́ kedere, ohùn ìyá mi, ohùn èmi náà. Ó ń pe oríkì ara rẹ̀, torí kò mọ ti ẹlòmíràn.

"Wá, ọ̀kan ṣoṣo mi," ó ní. "Wá, má sá. Kò korò. Díẹ̀ báyìí ni. Tóo bá gbé e mì, ó ti tán nìyẹn. Ta ló ni ọ́? Èmi ni mo ni ọ́. Wá."

Ọkọ mi fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. Ìyá àgbà pè é, ó dúró, ó tún pè é. Orí kan yọ, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà adìyẹ, tó já okùn tó sì fò lu aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi, ni gbogbo sinimá bá wó lulẹ̀. Lábẹ́ aṣọ náà, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín àríntàkìtì, ara ọ̀rẹ́ ọmọ mi sì pupa fún ìpẹtà dúrọ́ọ̀mù láti irun dé àtàǹpàkò.

Màmá onílé bi ọmọ ọmọ rẹ̀ pé ṣé ó gbọ́ ohun tí wọ́n wí fún un. Ó ní òun ò gbọ́ ọ̀kan.

"Kí ló wá mú ẹ jáde?"

"Ó ń bẹ̀ mí," ọmọ náà dáhùn. "Bí wọ́n bá ń bẹ èèyàn báyẹn, ṣé èèyàn á kàn jókòó síbẹ̀ ni?"

Ohun tí fíìmù aláwọ̀ mèremère fò, tí tẹlifíṣọ̀n fi bísíkíìtì rọ́pò, ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá kan ti mú un jáde látinú dúrọ́ọ̀mù omi. Màmá onílé mi orí. Ó ní sinimá tòní ló dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ adìyẹ òun kò ní ṣe eré mọ́.

Mo rẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì sómi. Nígbà tí a jẹun tán, ọmọ mi fúnra rẹ̀ lọ ṣí àpótí, ó gbé ìwé onírùngbọ̀n wá sórí itan mi.

"Ka ti ìkòkò," ó ní. Yorùbá ni. Mo ṣe bí ẹni tí kò ṣàkíyèsí.

Mo kà á dé ibi tí ìyá àgbà ti jókòó. Mo dúró. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí ó rí i pé wọ́n ṣófo, mo wá pe oríkì rẹ̀.

Kò bo ẹnu. Ó kọ́kọ́ na ọrùn, ó yẹ ẹ̀yìn mi wò dáadáa, apá ọ̀tún, apá òsì, ó tún gbé etí ìró mi wò. Nígbà tó rí i pé kò sí síbí níbì kankan, ó fi orí lé mi láyà.

"Tún un pè," ó ní.